Ìgbà wo ló yẹ kí a yí nọ́ńbà fọ́máàtì fáìlì dátábéèsì padà? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Fún àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ìtajà, ti ilé ìwé àti ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ n'Ìbàdàn, àti àwọn tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí ni nọ́ńbà fọ́máàtì fáìlì, ibo ló sì wà?

Nọ́ńbà tí sọ́fítíwíà kọ sínú fáìlì dátà fúnra rẹ̀ ni, láti fi sọ bí wọ́n ṣe to ohun tó wà nínú rẹ̀. Orí fáìlì ló sábà máa ń wà, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí i lè bá a pàdé kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ẹ mú fáìlì kan ti SQLite, dátábéèsì tó sábà ń kó gbogbo dátà sínú fáìlì kan ṣoṣo, kí ẹ fi irinṣẹ́ tó ń fi báìtì hàn ṣí i. Báìtì 100 àkọ́kọ́ ni orí rẹ̀. Nínú 16 tó ṣáájú, ẹ ó rí `SQLite format 3` tí báìtì òdo kan tẹ̀lé. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo, nọ́ńbà méjì mìíràn wà ní ipò 18 àti 19. A óò dé orí wọn. Ti Redis, dátábéèsì mìíràn, tún hàn gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ: `REDIS` ni fáìlì RDB rẹ̀, èyí tó ń pa dátà mọ́ sí, fi ń bẹ̀rẹ̀, díjíìtì mẹ́rin á tẹ̀lé e, bíi `REDIS0009`. Ní ti PostgreSQL, dátábéèsì tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ `PG_VERSION` wà nínú fódà dátà rẹ̀. Notepad lásán lè ṣí i.

Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà?

Rárá o. Nọ́ńbà ẹ̀dà ń sọ pé sọ́fítíwíà ti yàtọ̀, nọ́ńbà fọ́máàtì ń sọ pé fáìlì ti yàtọ̀. Láti 2004 tí SQLite 3 ti jáde, ẹ̀dà lóríṣiríṣi ló ti tẹ̀lé e, síbẹ̀ `SQLite format 3` náà ló ṣì wà lórí fáìlì. Bí PostgreSQL ṣe ń to ojú ewé dátà ti wà ní nọ́ńbà 4 láti ẹ̀dà 8.3 ti ọdún 2008, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà ńlá tó ti jáde lẹ́yìn rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ.

Ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀ yóò kó sínú ọ̀kan nínú wàhálà méjì. Ó lè máa fi ipá mú oníbàárà yí fáìlì padà nígbà tí kò sí ìdí kankan, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtigbé ẹ̀dà tuntun jáde.

Ta ni nọ́ńbà náà wà fún?

Sọ́fítíwíà àtijọ́ ni. Ẹ̀dà tuntun mọ ohun tó wà lẹ́yìn, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ ti rí fọ́máàtì àtijọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà Alhaja kan ní ọjà Gbági láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò lè mọ ohun tí ẹ máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Nọ́ńbà yẹn nìkan ló lè sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan fáìlì náà. Ẹni tó bá di èyí mú kò ní nílò púpọ̀ nínú ìdáhùn tó kù.

SQLite là ń lò. Mo rí `user_version` níbẹ̀. Ṣé òun náà nìyẹn?

Òun kọ́, àmọ́ òun gan-an lẹ ó máa yí padà. Nọ́ńbà tó wà ní ipò 18 àti 19 jẹ́ ti SQLite fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ yín kàn wọ́n. `user_version`, tó wà ní ipò 60, ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín, SQLite kì í lò ó fún nǹkan kan. Àwọn tó ń ṣe áàpù Android ti mọ̀ ọ́n láìmọ̀, torí pé nọ́ńbà tí ẹ ń fún `SQLiteOpenHelper`, ibẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí.

`application_id` tún wà ní ipò 68. Ẹ kọ nọ́ńbà tiyín sí i, kí sọ́fítíwíà yín lè mọ̀ pé fáìlì tòun ni, pé ẹnì kan kò ṣèèṣì gbé fáìlì áàpù mìíràn fún un láti orí fláàṣì.

Nígbà wo gan-an ni kí a wá yí i padà?

Ẹ gbé fáìlì tuntun fún sọ́fítíwíà àtijọ́, kí ẹ sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tó bá kà á dáadáa, tó sì kọ nǹkan sí i láìba nǹkan jẹ́, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá kà á dáadáa ṣùgbọ́n tí kíkọ rẹ̀ máa ba nǹkan jẹ́, ẹ jẹ́ kó kà, kí ẹ dá a dúró níbi kíkọ. Tí kò bá lè kà á, tàbí tó kà á ní àkàṣì, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ yí padà láìsí àríyànjiyàn.

Àkàṣì ló burú jù, torí kò pariwo. Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Bódìjà. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ń kọ iye owó sílẹ̀ ní náírà, páálí oògùn ibà kan wà nínú òpó (column) `iye_owo` gẹ́gẹ́ bí 1500. Ẹ̀dà tuntun fẹ́ máa kọ ọ́ ní kọ́bọ̀ kí ìṣirò lè péye, ó wá di 150000. Òpó kan náà, orúkọ kan náà, nọ́ńbà odidi kan náà. Kò sí báìtì kan tó ṣípò. Ẹ̀dà àtijọ́ yóò ṣí i wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì sọ fún ọmọ títà pé páálí kan jẹ́ ₦150,000. Ìyẹn ṣì dáa, ọmọ náà á pariwo. Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀: ó ta ọjà tuntun lórí ẹ̀dà àtijọ́ ní ₦1,500, ẹ̀dà tuntun kà á sí ₦15, ó sì bọ́ sínú àròpọ̀ ìparí oṣù láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà. Ta ni yóò rí i?

Nítorí náà, ìtumọ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ìtò nìkan. Àwọn tó ń wo ìtò nìkan máa ń sọ pé "a ò yí nǹkan kan padà nínú fáìlì", wọn ò sì parọ́.

Kí ló dé tí àwọn kan ní nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún kíkà, ọ̀kan fún kíkọ?

Nítorí ìdáhùn kejì nínú mẹ́ta tó wà lókè yẹn: kó kà, kó má kọ. Ní SQLite, ipò 18 jẹ́ ti kíkọ, ipò 19 jẹ́ ti kíkà. Tí nọ́ńbà kíkà bá ju èyí tí sọ́fítíwíà mọ̀ lọ, kò ní ṣí fáìlì náà rárá. Tó bá jẹ́ ti kíkọ nìkan ló jù ú lọ, yóò ṣí i fún kíkà, kò ní kọ nǹkan sí i.

Nígbà tí ẹ̀dà 3.7.0 gbé WAL (ọ̀nà tó ń kọ́kọ́ kọ àyípadà sínú fáìlì kejì) dé ní 2010, wọ́n gbé méjèèjì láti 1 sí 2, torí ẹni tí kò mọ WAL kò ní mọ̀ pé díẹ̀ nínú dátà ṣì wà nínú fáìlì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ nìyí: gbígbé 3.7.0 sórí kọ̀ǹpútà kò yí nọ́ńbà fáìlì kankan padà. Ìgbà tí ẹnì kan bá tan WAL lórí fáìlì kan ni nọ́ńbà fáìlì yẹn tó di 2, tó bá sì padà sí `DELETE`, ọ̀nà àtijọ́, nọ́ńbà á padà sí 1. Ohun tó wà nínú fáìlì ló ń pinnu, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́.

Mo fi òpó kan kún àtẹ (table). Ṣé dandan ni kí n yí i?

Ó dọ́wọ́ bí ẹ̀dà àtijọ́ ṣe ń bá àtẹ náà lò. Tó bá ń dárúkọ òpó kọ̀ọ̀kan nígbà tó ń kà àti nígbà tó ń kọ, tí òpó tuntun náà sì lè ṣófo, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan kún un. Ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n `INSERT` tí kò dárúkọ òpó yóò kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ tí òpó bá pọ̀ sí i, `SELECT *` tó ń ka òpó nípa ipò náà sì lè ṣi ọ̀kan mú fún òmíràn.

Ọ̀kan fara pamọ́. Ká ní òpó tuntun ni ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́, tí ẹ̀dà tuntun sì gbà pé kò sí ìlà tuntun tí kò ní ọjọ́ yìí, tó ń fi ṣe ìkìlọ̀ fún apòògùn. Ẹ̀dà àtijọ́ tó bá kọ ìlà sí i yóò fi òpó náà sílẹ̀ lófìfo. Fáìlì kò bàjẹ́ lójú SQLite, ìlérí tí ẹ̀dà tuntun gbójú lé ló bàjẹ́. Ẹ gbé nọ́ńbà kíkọ sókè.

Mo kàn tún àléébù kan ṣe ni, mo sì jẹ́ kó yára sí i.

Ẹ má yí i. Ẹni tó kun ògiri ilé kì í torí ẹ̀ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ṣé a lè yí fọ́máàtì padà nínú ìtújáde kékeré, bíi láti 4.2.1 sí 4.2.2?

Ìlànà PostgreSQL ni mo fara mọ́: ìtújáde kékeré kì í yí fọ́máàtì ìpamọ́ dátà padà. Láti 16.1 sí 16.2, ẹ máa dá sáfà dúró, ẹ máa pààrọ̀ sọ́fítíwíà, ẹ máa tún un tàn, ó parí. Láti 15 sí 16, ẹ nílò `pg_upgrade`, irinṣẹ́ tó ń gbé fódà dátà sí ẹ̀dà tuntun, tàbí kí ẹ kó dátà jáde kí ẹ tún un kó wọlé. (Kó tó di ẹ̀dà 10 ní 2017, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà ńlá: 9.5 sí 9.6 jẹ́ ìyípadà ńlá. Ó ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà.) Àǹfààní ìlànà yìí ni pé ọkàn oníbàárà máa ń balẹ̀ láti gba àtúnṣe ààbò lọ́jọ́ tó bá jáde.

Síbẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ò ní lè yẹra fún un. Ní oṣù Kẹta 2018, PostgreSQL gbé àtúnṣe ààbò jáde nínú àwọn ìtújáde kékeré, 10.3 wà lára wọn. Àtúnṣe náà kan bí `pg_dump`, irinṣẹ́ tó ń kó dátà jáde sínú fáìlì dump, ṣe ń lo `search_path` (ibi tí PostgreSQL ti ń wá àtẹ tí a dárúkọ), `pg_restore` àtijọ́, èyí tó ń kó o padà wọlé, ò sì ní mọ bó ṣe máa lò ó. Wọ́n gbé nọ́ńbà fáìlì dump lọ sí 1.13. Bí ẹnì kan bá gbé dump yẹn fún `pg_restore` àtijọ́, ohun tó máa rí ni `unsupported version (1.13) in file header`. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ èmi gbè wọ́n lẹ́yìn. Ó sàn kí iṣẹ́ dúró pẹ̀lú ariwo ju kí ó padà wọlé ní ìdajì. Fáìlì dátà fúnra rẹ̀ kò yí padà, fáìlì dump nìkan ni, ìyàtọ̀ yẹn sì ṣe pàtàkì.

MySQL 8.0 gba ọ̀nà mìíràn. Láàárín 8.0 kan náà, ìtújáde kékeré lè yí nǹkan padà nínú fáìlì, tí ẹ bá sì ti lọ síwájú, wọn kò ṣètìlẹ́yìn fún pípadà sẹ́yìn. Ẹ ka ìwé ìtújáde rẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Ṣé ó yẹ kí nọ́ńbà fọ́máàtì ní ńlá àti kékeré?

Ó wúlò tí ẹ bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tó dúró. Dátábéèsì Firebird ló ṣe é tó yé mi jù. ODS (On-Disk Structure, bí dátà ṣe tò lórí dísìkì) ni wọ́n ń pe tiwọn: 2.0 lo ODS 11.0, 2.1 lo 11.1, 2.5 lo 11.2. Nígbà tí wọ́n yí nǹkan gidi padà, 3.0 wá pẹ̀lú 12.0, 4.0 pẹ̀lú 13.0. Tí nọ́ńbà ńlá bá yí, ẹ máa fi `gbak` ṣe backup, ẹ máa fi ẹ̀dà tuntun dá a padà. Tó bá jẹ́ kékeré ló yí, ẹ̀dà tuntun ṣì ń ṣí ti tẹ́lẹ̀. Firebird 5.0 tó ń lo 13.1 ń ṣí fáìlì 13.0 láìbéèrè nǹkan kan, `gfix -upgrade` sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e sókè lójú ẹsẹ̀.

Ṣé kí ẹ̀dà tuntun yí fáìlì àtijọ́ padà ní kété tó bá ti ṣí i?

N'Ìbàdàn níbí, mo ní rárá. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Gbági, ẹ̀ka kan ní Mọ́kọ́lá. Láráàárọ̀, ọmọ iṣẹ́ kan á gbé fáìlì sórí fláàṣì, á wọ Micra, á gbé e lọ sí ẹ̀ka kejì. Ẹni tó wà ní Mọ́kọ́lá ní dátà lórí fóònù, ó ti gba ẹ̀dà tuntun. Kọ̀ǹpútà Gbági kò tíì rí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Tí ẹ̀dà tuntun bá yí fáìlì padà láìbéèrè, nígbà tí fláàṣì bá padà dé Gbági ní ìrọ̀lẹ́, ọjà dúró nìyẹn.

MongoDB yanjú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Láti 3.4 ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní `featureCompatibilityVersion` ti wà. Ẹ lè gbé sọ́fítíwíà tuntun sórí gbogbo ẹ̀rọ, síbẹ̀ yóò máa kọ dátà ní ọ̀nà àtijọ́ títí ẹni tó ń bójú tó o yóò fi pàṣẹ `setFeatureCompatibilityVersion`. Ìgbésẹ̀ méjì ni, àkókò wà láàárín wọn láti rí i bóyá nǹkan ń lọ dédé. Ẹ ṣe irú rẹ̀: ẹ̀dà 5 ń ka fọ́máàtì 3 àti 4, ó ń kọ 3, títí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yóò fi tẹ bọ́tìnì kan tó sọ kedere pé "gbogbo kọ̀ǹpútà wa ti di ẹ̀dà 5". Kó tó yí i, kó ṣe backup fúnra rẹ̀, kó má dúró de oníbàárà.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti sọ fọ́máàtì tuntun di ti gbogbo ènìyàn?

Ẹ̀dà tó lè kà á gbọ́dọ̀ ti tàn kálẹ̀ kí èyí tó ń kọ ọ́ tó dé. SQLite fojú ara rẹ̀ rí i. Ní oṣù Kìíní 2006, ẹ̀dà 3.3.0 gbé fọ́máàtì schema (ètò àwọn àtẹ) tuntun dé, nọ́ńbà 4, tó jẹ́ kí index (atọ́ka tó ń mú wíwá dátà yára) lè tò láti òkè wá sísàlẹ̀ lóòótọ́. Fáìlì tuntun wá di èyí tí ẹ̀dà àtijọ́ kò lè kà. Ìyà tó fi jẹ àwọn ènìyàn pọ̀ débi pé nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ní 3.3.7, wọ́n dá a padà: wọn kò yọ fọ́máàtì 4 kúrò, ṣùgbọ́n fáìlì tuntun padà sí ti àtijọ́ àfi tí ẹ bá béèrè. Ó di 2012, ní 3.7.10, kí 4 tó padà di ti gbogbo ènìyàn. Nígbà yẹn, gbogbo ẹ̀dà láti 3.3.0 ti ń kà á láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà.

Kò pọn dandan kí ẹ dúró ọdún mẹ́fà. Ẹ mọ oníbàárà yín, ẹ lè pè wọ́n lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìtújáde kan kọjá láàárín kíkà àti kíkọ, ó kéré tán.

Iná lọ nígbà tí ìyípadà ń lọ lọ́wọ́. Ńkọ́?

Nínú SQLite, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín `BEGIN` àti `COMMIT` kan ṣoṣo, kí `PRAGMA user_version` wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Tí iná bá lọ, tí UPS náà sì kú, fáìlì yóò jí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà àti ohun tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀. Àwọn tó ń yí àtẹ padà ní `COMMIT` kan, tí wọ́n sì ń yí nọ́ńbà ní òmíràn, ni fáìlì wọn máa ń jí pẹ̀lú ara tuntun àti nọ́ńbà àtijọ́.

Tó bá jẹ́ fáìlì tí ẹ̀yin fúnra yín ṣètò, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ẹ `fsync` rẹ̀ (kó dé orí dísìkì gan-an), kí ẹ tó fi `rename` gbé e sí ipò ti àtijọ́. Ẹ má ṣe yí i padà lórí ara rẹ̀.

Kí ló yẹ kí sọ́fítíwíà àtijọ́ sọ nígbà tó bá rí nọ́ńbà tí kò mọ̀?

Kó sọ nọ́ńbà tó rí, èyí tí òun mọ̀, àti ohun tí ènìyàn máa ṣe. PostgreSQL máa ń sọ ẹ̀dà tó dá fódà dátà sílẹ̀ àti ẹ̀dà tó fẹ́ ṣí i. Ti Redis kúrú, `Can't handle RDB format version 10`, àmọ́ ó ṣì sọ nọ́ńbà tó bà á lẹ́rù. "Fáìlì ti bàjẹ́" ni èyí tó burú jù, torí pé oníbàárà á gbà á gbọ́, á sì lọ dá backup oṣù tó kọjá padà lórí dátà tó dára.

Ẹ lè lo irú èyí: "Ẹ̀dà 4.2 lẹ̀ ń lò. Ẹ̀dà 5.0 tàbí èyí tó tẹ̀lé e ló kọ fáìlì yìí. Fáìlì yín kò bàjẹ́, a ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà 5.0 kí ẹ tó ṣí i." Gbólóhùn "fáìlì yín kò bàjẹ́" yẹn ni kí ẹ má yọ.

Oníbàárà fẹ́ padà sí ẹ̀dà àtijọ́ lẹ́yìn tí fáìlì ti yí.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ṣeé ṣe tààrà. Backup SQL Server tuntun kì í ṣeé dá padà lórí èyí tó dàgbà jù ú lọ, yíyí compatibility level (nọ́ńbà tó ń sọ ìṣesí ẹ̀dà tí dátábéèsì yóò máa tẹ̀lé) sísàlẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́, torí nọ́ńbà mìíràn nìyẹn. Lórí Android, tí ẹ ò bá kọ `onDowngrade` fúnra yín, áàpù yóò ṣubú pẹ̀lú `Can't downgrade database`. Mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó kù ni backup tí a ṣe ṣáájú ìyípadà, pẹ̀lú ọjà tí wọ́n tà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ kó jáde sí CSV kí ẹ lè tún un kó wọlé.

Ṣé kí n lo 1, 2, 3, àbí kí n lo ọjọ́?

Nọ́ńbà odidi tó ń gòkè. Ẹ má kọ "1.10" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kí ẹ wá máa fi wé "1.9", torí 1.9 ni kọ̀ǹpútà máa sọ pé ó tóbi. Ọjọ́ dára fún iṣẹ́ inú ilé: nọ́ńbà catalog (àwọn àtẹ tó fi ń tọ́jú ètò ara rẹ̀) ti PostgreSQL jẹ́ ọdún, oṣù, ọjọ́ àti díjíìtì kan sí i, ó sì máa ń yí lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń dán beta wò mọ̀ pé fódà dátà òun lè má ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún beta tiyín náà, kí fáìlì ìdánwò má baà ní nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀dà tó jáde.

Ènìyàn méjì lọ́fíìsì wa mú nọ́ńbà 7 fún ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibí ni nọ́ńbà kan ṣoṣo ti ń kùnà. Bí kò bá tíì jáde, ẹ sọ ọ̀kan di 8. Bí iṣẹ́ yín bá ti pín sí ẹ̀ka méjì tí kò ní padà pàdé mọ́, ẹ lo orúkọ dípò nọ́ńbà. ZFS, ètò ìtọ́jú fáìlì, ṣe irú rẹ̀: nọ́ńbà pool (àkójọ dísìkì) dé 28, lẹ́yìn tí Oracle ti ilẹ̀kùn kóòdù tirẹ̀, OpenZFS, ẹ̀ka tó ṣí sílẹ̀, fò lọ sí 5000, ó sì ń kọ orúkọ ohun tuntun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú pool náà.

Ext4, ètò ìtọ́jú fáìlì ti Linux, tí kì í ṣe dátábéèsì ṣùgbọ́n tó yẹ kí gbogbo oní-dátábéèsì wò, pín àmì rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè gbójú fò, èyí tó lè jẹ́ kó kà láìkọ, àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣí i rárá. Ìdáhùn mẹ́ta tó wà nínú ìbéèrè "nígbà wo gan-an" lókè yẹn ni, wọ́n kàn kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ẹ̀dà wa àkọ́kọ́ kì í yẹ nọ́ńbà kankan wò. Ó ti wà níta.

Nọ́ńbà kò lè dá a dúró nígbà náà. Ẹ wá nǹkan tó máa kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ lè yí orúkọ àtẹ tó ń kọ́kọ́ kà padà, kí ó ṣubú lójú ẹsẹ̀ kó tó kọ ohunkóhun, tàbí kí ẹ yí ìparí orúkọ fáìlì padà, bí Microsoft Access ṣe kúrò lórí `.mdb` bọ́ sí `.accdb` ní 2007. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń dá ọwọ́ dúró.

A yí fọ́máàtì, a gbàgbé nọ́ńbà, ó sì ti jáde. Fáìlì méjì tó yàtọ̀ ló ń jẹ́ 3 báyìí.

Ẹ má ṣe sọ pé 3 tuntun ni 3 tòótọ́. Nọ́ńbà náà ti bàjẹ́. Ẹ gbé ẹ̀dà kan jáde kíá tó ń kọ 4. Tó bá rí 3, kó wo inú fáìlì láti mọ irú èyí tó jẹ́ (òpó wo ló wà, irú iye wo ló wà nínú rẹ̀), kó sì sọ ọ́ di 4. Tó bá jẹ́ irú ọ̀rọ̀ náírà àti kọ́bọ̀ ni, tí inú fáìlì kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, ẹ ní láti bi oníbàárà léèrè, pẹ̀lú ọjà mẹ́ta tí iye rẹ̀ hàn lójú ẹ̀rọ kó lè fọwọ́ sí i.

Èyí ló fà á tó fi dára kí ẹ máa kọ ẹ̀dà sọ́fítíwíà tó fọwọ́ kan fáìlì kẹ́yìn síbì kan. SQLite ń ṣe é ní ipò 96. Ìwádìí ló wà fún. Ẹ má fi pinnu bóyá kí fáìlì ṣí tàbí kó má ṣí.

Ṣé gbogbo inú fáìlì ló gbọ́dọ̀ wà ní nọ́ńbà kan náà?

Kò pọn dandan. Ní PostgreSQL 12, index B-tree bọ́ sí nọ́ńbà 4. Ẹni tó fi `pg_upgrade` wá láti ẹ̀dà 11 ṣì ní index ti tẹ́lẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, kò kàn ní àǹfààní tuntun, títí yóò fi ṣe `REINDEX`. Nọ́ńbà wà lórí index kọ̀ọ̀kan. Ó bá dátà ńlá mu, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa ní odidi ọjọ́ kan. Àmọ́ ẹ ó máa gbé kóòdù méjì kiri títí index àtijọ́ tó kẹ́yìn yóò fi lọ, ẹ ò sì ní mọ ọjọ́ tó lọ.

Títí dìgbà wo la gbọ́dọ̀ máa ka fọ́máàtì àtijọ́?

Kíkà kì í wọ́n. Ẹ máa kà á fún ìgbà pípẹ́ bí ẹ bá lè ṣe é, kódà nígbà tí ẹ bá ti dẹ́kun kíkọ ọ́. Àwọn tó ń ṣe SQLite ti ṣèlérí àtìlẹ́yìn dé 2050, Library of Congress ní Amẹ́ríkà sì kà á mọ́ fọ́máàtì tó yẹ fún ìpamọ́ dátà.

Àwọn mìíràn yan ọ̀nà tó le. Nígbà tí dátábéèsì H2 2.0 jáde ní 2021, kò ṣí fáìlì 1.4 mọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà àtijọ́ kó dátà jáde pẹ̀lú `SCRIPT TO`, kí ẹ fi ti tuntun kó o wọlé pẹ̀lú `RUNSCRIPT`. Ẹni tó ti pa jar (fáìlì sọ́fítíwíà H2) àtijọ́ rẹ́ ní láti kọ́kọ́ wá a kiri. Bí ẹ bá máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí oníbàárà yín, ẹ fi ẹ̀dà àtijọ́ tó lè kó dátà jáde sínú fáìlì ìfisórí ẹ̀dà tuntun, kí ó ṣe é fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì.